Ọgbà inú Ike Ọ̀dà

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi da kọnkéré ní Ṣágámù.
Láti Màkún dé Òfin, títí dé etí odò Ìbù,
bí o bá tẹ àgbàlá tí omi kì í dúró lójú rẹ̀,
ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ mi.
Tèmi gan-an, mo dà á nípọn ju ti oníbàárà lọ:
ínǹṣì mẹ́fà, òkúta wẹ́wẹ́, yanrìn odò.
Mo ní koríko kankan ò ní í yọjú síbí mọ́ láyé.
Koríko gbọ́. Kò yọjú.

Nígbà tí eékún kọ̀ mí, tí àkàbà di ọ̀tá,
mo jókòó sí gọ̀bì, mò ń wo ohun tí mo ṣe.
Funfun báláú.
Oòrùn ń ta padà sí mi lójú bí ẹni tó wá sin gbèsè.

Efúnbọ̀wálé, àbúrò ìyàwó mi, ló gbé ẹ̀ka kan wá
láti ọgbà ilé ìwòsàn tó ti ń gbálẹ̀.
Ó fi ewé wé e bí ẹni tó wé obì.
Kò mọ orúkọ rẹ̀. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n.
Ó ní òdòdó rẹ̀ pupa, etí rẹ̀ ṣẹ́ léra bí etí búláòsì,
ó sì ń bẹ̀rù ọyẹ́ ju arúgbó lọ.

Ibo ni n ó gbìn ín sí? Ilẹ̀ dà?
Mo wá ike ọ̀dà, èyí tí a fi kun ilé Ọ̀ṣìfẹ̀sọ̀ tí kò sanwó tán,
mo fi ìṣó gbígbóná lu ihò mẹ́ta sí ìdí rẹ̀
kí omi má baà dúró, kí gbòǹgbò má baà rà.
Ilẹ̀pa kọ́ńgò méjì, ìgbẹ́ adìẹ díẹ̀, èèpo obì tó ti jẹrà.
Ọwọ́ mi ń pò ó, ọwọ́ mi rò pé símẹ́ńtì ni,
ó ń kánjú kó tó le.
Mo ní, ọwọ́, rọra. Eléyìí kò gbọdọ̀ le.

Kí ọdún méjì tó pé, ó di ike mẹ́tàdínlógún,
páànù ìkọ́lé kan, abọ́ tánganran ìyá mi tó ti jò.
Ṣódípọ̀ ń kọjá, ó ní, "Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́ ni?"
Mo ní rárá.
"Ṣé wọ́n ń tà á?"
Mo ní rárá.
Ó mi orí fún ọmọ Rẹ́mọ tó ti sọnù.

Ọyẹ́ dé. Ètè ń bẹ́.
Mo ń gbé wọn wọlé nírọ̀lẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń kó àgbébọ̀:
sábẹ́ àtẹ̀gùn, sẹ́yìn àga,
ọ̀kan sórí ẹ̀rọ ìránṣọ olóògbé.
Síbẹ̀, ti Efúnbọ̀wálé wọ́wé tán,
ó ku igi gbígbẹ, bí ìka tí òrùka bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
Mo fẹ́ dà á nù. Adéníkẹ̀ẹ́, ọmọ ọmọ mi,
fi èékánná họ èèpo rẹ̀:
àwọ̀ ewé wà lábẹ́ rẹ̀, fẹ́lẹ́ bí òwú.
"Kò kú, Baba. Ó takú ni."

Mo gé orí rẹ̀ kù. Ife tíì kan lọ́sẹ̀, omi kò ju bẹ́ẹ̀;
ẹni tó ń sùn kì í mu àmuyó.
Àkọ́rọ̀ òjò rọ̀ ní Máàṣì,
ó la ojú méjì, pupa, wọn ò tó orí ìṣáná.

Lánàá mo fẹ́ sún un síbi tí oòrùn ti rọ̀.
Ike kò gbéra.
Mo bẹ̀rẹ̀, eékún ké, mo wo ihò ìṣó:
gbòǹgbò ti jáde, ó ti wọnú kọnkéré,
ó rí ìlà tín-ín-rín kan
tí èmi tí mo dà á kò rí láti ọjọ́ yìí.

Bíríkìlà inú mi ní kí n mú ọ̀bẹ,
kí n gé e, kí n po símẹ́ńtì díẹ̀, kí n dí i.
Mo mú ọ̀bẹ lóòótọ́.
Ike ni mo gé.